Oríkì Ogun Olúwa-Ló-Rán-Wa

Lọ́jọ́ Òkèbàdàn nílùú Ìbàdàn, iná kì í jó nínú ààrò, ọjà kì í ná, ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Bẹyẹrúnkà títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, kò sí ìjòyè, kò sí olówó, kò sí alágbára tí wọn kì í fi kọrin. Wọn á yìn ín bí ẹni ń bú u, wọn á bú u bí ẹni ń yìn ín, ẹni tí wọ́n ń bú kò sì gbọdọ̀ fajú ro. Àyè yẹn ni mo fẹ́ gbà. Yẹ̀yẹ́ ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló wà nínú mi.

Ẹni tí mo fẹ́ kì kì í ṣe ènìyàn. Ogun ni. Ogun tí wọ́n ń pè ní mímọ́, tí wọ́n so àgbélébùú mọ́ lọ́dọ̀ Kìrìstẹ́nì, tí wọ́n fi orúkọ jíhàádì bò lọ́dọ̀ Mùsùlùmí. Nínú ìlú yìí, ẹ̀gbọ́n ń kírun Jímọ̀ ní Ọjà'ba, àbúrò ń lọ ìsìn ní Kúdẹtì, wọ́n jọ ń jẹ ẹran iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Síbẹ̀ a rí oníwàásù tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu láti fi yin ogun yìí fún ọmọ ọlọ́mọ. Èyí ń ki Saladin ọba Mùsùlùmí, ìyẹn ń ki Richard ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ká mi lára. Tó bá jẹ́ pé kíkì ni, èmi náà ó kì í, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni n ó sì fi kì í.

Ogun Olúwa-ló-rán-wa, mo rí ọ.
Ọmọ a-forúkọ-Ọlọ́run-bo-ẹnu-ọ̀kọ̀.
Ọmọ a-gbàdúrà-tán-kó-fà-dà-yọ.
Wọ́n ní kó wá bá wọn lé olè,
Ó lé olè tán, ó jókòó ti onílé.
Ó ní ọ̀nà ibojì mímọ́ lòun ń lọ,
Ó yà sílé onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀, ó kó o tán pátá.
Ó ní òun ń tú ẹrú sílẹ̀,
Ó tú okùn lọ́rùn Háúsá, ó so ó mọ́ ọmọ Ọ̀yọ́.
A-pa-kèfèrí-tán-kó-kan-Ìmàle.
A-pa-Júù-kó-tó-fojú-kan-Lárúbáwá.
O káre. O ṣe bẹbẹ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìlú Clermont nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, nínú oṣù kọkànlá ọdún 1095, nígbà tí Póòpù Urban Kejì dìde láàrin àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ọlọ́lá, tó ní kí wọ́n lọ gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Mùsùlùmí. Àmọ́ oyún rẹ ti pẹ́ nínú. Lọ́dún 1071 ni àwọn Túrúkì Seljuk ṣẹ́gun ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn ní Manzikert, tí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ọba náà. Kìrìstẹ́nì lọba ọ̀hún, Constantinople sì ni olú-ìlú rẹ̀. Nígbà tí oyè kan Alexios Komnenos, ó ránṣẹ́ sí Póòpù pé kí wọ́n fi jagunjagun ran òun lọ́wọ́. Ìwọ̀nba ọmọ ogun tí òun lè sanwó fún, tí òun lè pàṣẹ fún, ló ń wá. Ìwọ lo wọlé dé.

Kí ló wà nínú ẹrù rẹ nígbà tó o gbéra? Ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ òkú. Àwọn tálákà tó ta gbogbo ohun ìní wọn, tí wọ́n rán àgbélébùú aláṣọ mọ́ èjìká, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Faransé àti Jámánì, gbà tọkàntọkàn pé àwọn yóò rí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò padà sílé. Ohun tó dùn mí jù nípa rẹ nìyẹn: ìgbàgbọ́ ẹni ẹlẹ́ni lo fi ń di ẹrù tìrẹ. Lábẹ́ rẹ̀, Póòpù ń wá bí ìjọ ìlà-oòrùn tó ti yapa láti ọdún 1054 yóò ṣe padà sábẹ́ ọwọ́ Róòmù. Àwọn ọmọ ọlọ́lá tí ẹ̀gbọ́n wọn ti jogún gbogbo ilẹ̀ ń wá ilẹ̀. Àwọn jagunjagun tó ti ń bá ara wọn jà nílé ń wá ẹni tí wọ́n lè pa tí ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n. Àwọn oníṣòwò Genoa, Pisa àti Venice ń wá èbúté tí wọn yóò ti máa rajà. Gbogbo wọn ló wà nínú ẹrù, orúkọ Ọlọ́run sì ni aṣọ tí o fi bò ó.

O kú ìbẹ̀rẹ̀ rere! O ò tíì rí Mùsùlùmí kankan tí ọwọ́ rẹ ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1096, ní Worms àti Mainz nílẹ̀ Jámánì, o pa àwọn Júù tó jẹ́ aládùúgbò rẹ, tó jẹ́ pé ọjà kan náà lẹ jọ ń ná. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1099 lo wọ Jerúsálẹ́mù. O pa Mùsùlùmí, o pa Júù, o pa obìnrin, o pa ọmọdé, lẹ́yìn náà o lọ síbi ibojì Jésù, o lọ dúpẹ́. Ẹ̀yin tó ń kì í, ẹ kì í débẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ki Saladin náà, ẹ dúró. Ó dára ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ìtàn ò fi ìyẹn dù ú. Nígbà tó gba Jerúsálẹ́mù padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1187, kò pa ará ìlú bí wọ́n ti pa tirẹ̀ ní ọdún 88 sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n ra ara wọn padà. Ṣùgbọ́n tálákà tí kò rí owó san ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn dẹrú. Obìnrin tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà kò ní mọ̀ pé olóore ló ta òun.

Ibi tí oríkì rẹ ti dùn jù lọ nílẹ̀ òyìnbó ni ọdún 1204. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Wọ́n tún kó ogun jọ láti lọ gba Jerúsálẹ́mù. Wọ́n bá Venice ṣàdéhùn ọkọ̀ ojú omi, owó fàdákà 85,000 máàkì. Ọjọ́ pé, àwọn jagunjagun tó yọjú kò tó ìdajì àwọn tí wọ́n retí, owó kò pé. Venice ní kò burú, ẹ bá wa gba Zara, ẹ ó máa san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Ìlú Kìrìstẹ́nì ni Zara. Wọ́n gbà á lọ́dún 1202. Póòpù Innocent Kẹta bínú, ó lé wọn kúrò nínú ìjọ, wọn ò dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ọba Constantinople kan ṣèlérí owó rẹpẹtẹ fún wọn bí wọ́n bá gbé òun gorí ìtẹ́. Wọ́n gbé e gorí ìtẹ́, kò rówó san, wọ́n sì fọ́ ìlú náà nínú oṣù kẹrin ọdún 1204. Constantinople, ìlú Alexios! Ìlú tó ránṣẹ́ pè wọ́n! Wọ́n jó o, wọ́n kó ohun ìjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù lọ nílẹ̀ Kìrìstẹ́nì. Àwọn ẹṣin idẹ tí wọ́n kó níbẹ̀ ṣì wà ní Venice títí di òní. Wọn ò rí Jerúsálẹ́mù sójú.

Ogun Olúwa-ló-rán-wa,
A-torí-gbèsè-ọkọ̀-jó-ilé-Ọlọ́run.
Wọ́n ní ta ni ọ̀tá rẹ,
O ní ẹni tó bá ní ẹṣin idẹ ni.

Ẹnì kan tiẹ̀ wà tó gba Jerúsálẹ́mù láìjagun. Frederick Kejì ọba Jámánì bá al-Kamil, ọba Íjíbítì tó jẹ́ ọmọ àbúrò Saladin, jókòó lọ́dún 1229. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, Kìrìstẹ́nì gba ìlú, Mùsùlùmí sì mú àwọn mọ́ṣáláṣí mímọ́ wọn. Ìyàsọ́tọ̀ kúrò nínú ìjọ ló wà lọ́rùn Frederick lọ́jọ́ tó ṣe é, àwọn Mùsùlùmí pàápàá sì bú al-Kamil. Ta ló ń ki àwọn méjèèjì látorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn? N kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òyìnbó. Jẹ́ kí n kì ọ́ dé ilé, nítorí o mọ ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá dáadáa.

Ọdún 1804 ni Usman dan Fodio, ààfáà Fúlàní, bẹ̀rẹ̀ jíhàádì nílẹ̀ Háúsá. Ẹ̀sùn tó fi kan àwọn ọba Gobir kì í ṣe irọ́: owó orí ń pa aráàlú, wọ́n sì ń kó Mùsùlùmí lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í dúró níbi ẹ̀sùn. Nígbà tó o fi máa dé etí odò Ọya, wàhálà ti wà nílẹ̀ fún ọ ní Ọ̀yọ́. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀. Ó jókòó sí Ìlọrin bí ọba. Aólẹ̀ gbé májèlé mu, wọ́n ní ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù, sí ìwọ̀-oòrùn, ó gégùn-ún kó tó kú. Bóyá ègún ni o, bóyá ìwà ni, mo mọ èyí tí mo gbà: ìjà oyè ló ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí ẹ̀sìn kankan nínú rẹ̀.

Àfọ̀njá ń wá agbára tí yóò fi dojú kọ Ọ̀yọ́. Ó pe Àlímì, ààfáà Fúlàní tí àdúrà rẹ̀ lókìkí, pé kó wá bá òun gbé. Ó pe Ṣólàgbérú, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó sí Òkè-Sùnnà. Lọ́dún 1817 ló wá pariwo pé ẹrú Háúsá èyíkéyìí tó bá sá wá bá òun ti di òmìnira. Àwọn ẹrú tó ń gẹrun, tó ń ṣe okùn, tó ń da màlúù káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́, wọ́n ya lọ sí Ìlọrin. Àwọn yìí ni wọ́n ń pè ní Jàmáà. Wọ́n fi òrùka kẹ́ńdè sọ́wọ́, bí wọ́n bá pàdé ara wọn wọ́n á fi òrùka kan òrùka, yóò dún, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ ìyá làwọn. N kò bú ẹrú tó ń wá òmìnira. Ta ni yóò bú u? Àwọn ọ̀gá wọn ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n já okùn lọ́rùn ara wọn ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń di ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀.

Fágbohùn ará Jàbàtà ló kìlọ̀ fún Àfọ̀njá pé agbára àwọn ènìyàn yìí ń pọ̀ jù, kó tú wọn ká kó tó pẹ́. Àfọ̀njá bínú sí i. Nígbà tó wá ń gbọ́n, wọ́n ti mọ èrò ọkàn rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1824 ni wọ́n yí ilé rẹ̀ ká. Ó ránṣẹ́ sí Ṣólàgbérú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó wá gbà á. Ṣólàgbérú kò wá, ó ní Àfọ̀njá kì í ṣe ẹlẹ́sìn bíi tòun. Àwọn tí Àfọ̀njá fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ló ta á lọ́fà. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn Yorùbá ní Ọ̀yọ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ní ọfà tó gún un lára pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ dúró gbọnyin, ẹ̀rù rẹ̀ sì ṣì ń ba àwọn tó pa á.

Ogun Olúwa-ló-rán-wa, o ò jẹ gbèsè.
Alexios pè ọ́, o fọ́ ìlú rẹ̀.
Àfọ̀njá pè ọ́, o fi ọfà gbé òkú rẹ̀ ró.
A-jẹ-olùpè-kó-tó-jẹ-ọ̀tá.

Ẹ má sọ pé Àfọ̀njá kèfèrí ló kú, pé Mùsùlùmí yè. Ṣólàgbérú ńkọ́? Abdul Salami ọmọ Àlímì gba àsíá, ó di ẹ́mià Ìlọrin, kò sì pẹ́ tó kọjú ogun sí Òkè-Sùnnà, ó pa Ṣólàgbérú. Ẹni tó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú nítorí ẹ̀sìn kú lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn bíi tirẹ̀. Orí ìtàn yìí ni gbogbo ohun tí mo ní í sọ dúró lé: kò sí ìgbà kan tí ogun yìí bi ẹnì kan ní ẹ̀sìn rẹ̀ kó tó pa á. Ohun tó ní lọ́wọ́ ló ń bi í.

Lọ́dún 1821, nígbà tí Àfọ̀njá ṣì wà láyé, Fúlàní, àwọn ẹrú tó ti dòmìnira, àti Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ gan-an ya wọ Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan tí kò ju bí ọdún méjìlá lọ, tó ń jẹ́ Àjàyí, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Wọ́n ta á títí ó fi dé ọwọ́ Potogí l'Ékòó, ọkọ̀ ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun lọ́dún 1822, ó dé Sàró. Àjàyí yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lọ́dún 1864, òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Àwọn tí òkun gbé lọ tí kò sí ọkọ̀ tó gbà wọ́n ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 1835, ní ìlú Salvador nílẹ̀ Bàhíà, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó wọn nínú oṣù Ràmádàànì. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ wọn lójú pópó, wọ́n na àwọn mìíràn lẹ́gba, wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà. Ogun tó gba ilẹ̀ ní orúkọ Ànábì kó àwọn tó ń pe Ànábì gun ọkọ̀ ẹrú lọ. Kí ẹni tó ń wàásù ka ìyẹn náà.

Ní ti Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin Olúèwù lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan, ojú tó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kó fẹ́ lọ mọ́. Ó lọ bá àwọn Ìbàrìbá pé kí wọ́n jọ jà. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ nìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 1836. Ọba Ìbàrìbá kú, Aláàfin kú. Ṣé Mùsùlùmí nìkan ló pa á? Johnson kọ ọ́ láìbò pé àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ fúnra wọn dalẹ̀ lójú ogun, nítorí wọn ò fẹ́ kí agbára Olúèwù pọ̀ jù bó bá ṣẹ́gun. Ọ̀yọ́-Ilé tú. Ààfin tí gbogbo ilẹ̀ ń wárí fún di igbó. Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọ̀jà, àwọn tó sá sì kún Ìbàdàn, ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829 lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ Òwu. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi Mápó yangàn, ọmọ ìsáǹsá ogun yìí ni wá.

Èyí ló gbé wa dé Òṣogbo, ọdún 1840. Ìlọrin ti dó ti ìlú náà. Àwọn ará Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó ogun lọ, wọ́n já lu ibùdó Ìlọrin lóru. Ẹṣin tó jẹ gàba lórí ọ̀dàn kò rí ibi sáré nínú igbó. Ìlọrin tú, ìgbà yẹn ni ogun náà kò lè sún mọ́ òkun mọ́. Mo mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń sọ ìtàn yìí, àyà á máa yọ. Èmi náà dúpẹ́ pé wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ìbàdàn tó dá ọ dúró ní Òṣogbo kọ́ iṣẹ́ rẹ láìmú orúkọ Ọlọ́run rárá. A fọ́ Ìjàyè lọ́dún 1862. A wọ Iléṣà lọ́dún 1870. A fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì káàkiri, wọ́n ń jẹ wọ́n lójú jẹ wọ́n nímú. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà gorí oyè lọ́dún 1871, Mùsùlùmí ni. Ṣé ó bá Mùsùlùmí Ìlọrin rẹ́ ni? Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin kó Mùsùlùmí rẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kó abọ̀rìṣà tiwọn, wọ́n jọ dojú kọ ogun Ìbàdàn tó jẹ́ ti Ààrẹ Mùsùlùmí, ní Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣẹ́gun wọn, odò Ọ̀tìn sì gbé àìmọye ènìyàn lọ. Wọ́n sọ ogun náà ní Jálumi. Ìmàle ń lé Ìmàle bọ́ sómi. Níbo ni jíhàádì wà lọ́jọ́ náà?

Ogun Kírìjì, láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, ọmọ Yorùbá fi ọdún mẹ́sàn-án kojú ara wọn, Látòósà kú síbùdó lọ́dún 1885. Àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n máa kì níbẹ̀ ni Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjì tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Àlùfáà Kìrìstẹ́nì ló ń ṣe ìránṣẹ́ láàrin Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà, gbogbo wọn sì gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò sí nínú ìwé náà, ogun tó ń bá Ìbàdàn jà ní Ọ̀fà ò dúró.

Ó ku àlejò kan. Lọ́dún 1881, nígbà tí ogun ti sú Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ó kọ̀wé sí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó pé kí wọ́n wá bá wa parí ìjà. Gómìnà Carter dé lọ́dún 1893, ó tú ibùdó Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ká. Lọ́dún yẹn kan náà ni Kápútéènì Bower jókòó sí Ìbàdàn bí olùṣàkóso Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, òun ni wọ́n kọ́ ilé-ìṣọ́ orí Òkè-Ààrẹ fún lọ́dún 1936, tí ẹni tó bá dúró ní Mápó ń rí i kedere.

Ogun Olúwa-ló-rán-wa, o kú ọgbọ́n àlejò.
Alexios pè, o dé.
Àfọ̀njá pè, o dé.
Adéyẹmí pè, o bọ́ agbádá, o wọ ṣòkòtò, o tún dé.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1895, Bower yìí kan náà gbé àgbá lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì yìn ín lu ìlú Aláàfin Adéyẹmí, ẹni tó kọ̀wé pè wọ́n.